Èsì Lórí Ọ̀rọ̀ Síǹkì



Ẹni tó kọ̀wé sí olóòtú pé kí àwa ará Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá máa lo síǹkì lójoojúmọ́, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ara ṣe ń lágbára tó, ti ṣì wá lọ́nà. Láti 1984 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà tí potásíọ̀mù ń gbà jáde, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Kv1.3. Bí ó bá dí, sẹ́ẹ̀lì náà kò ní lè jí gìrì sí àrùn. Síǹkì tó pọ̀ máa ń dí ẹnu ọ̀nà yìí lọ́wọ́. Ẹnìkan lè ní inú abọ́ ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe inú ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara ènìyàn náà ti jẹ́rìí: àlòjù síǹkì ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń jẹ́ kí kọ́pà àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ dínkù.

N kò ní kí ẹ sá fún síǹkì o. Lásìkò òjò, tí omi gọ́tà ń wọlé, ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú nílò rẹ̀. Ní 2004 ni WHO àti UNICEF là á kalẹ̀: mílígíráàmù 20 lójúmọ́, 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, fún ọjọ́ 10 sí 14, kí a yọ́ ọ sínú ṣíbí omi, pẹ̀lú omi iyọ̀ àti ṣúgà (ORS). Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọjá ìwọ̀n yìí.