Ìgbà Wo Ni Ó Ṣẹlẹ̀?

Bí ẹjọ́ bá dé iwájú àwọn àgbà, wọn a máa bi ẹlẹ́rìí pé, "Ìgbà wo ni ó ṣẹlẹ̀?" Bí kò bá lè dáhùn, ẹ̀rí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní akọ̀wé. Ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà, irú bíi Linux, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹnìkan bá wọlé, tàbí bí ẹ̀yà ẹ̀rọ kan bá ń bàjẹ́, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí ó má ṣe máa kọ àkókò sí i. Wọ́n ní ó ń mú ìlà gùn, àti pé bí a bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ àná wé ti òní, àkókò nìkan yóò mú kí gbogbo ìlà yàtọ̀.

Èmi kò fara mọ́ èyí rárá. Àkókò tí a ti kọ, a lè fi í pamọ́ nígbà tí a bá ń kà á. Àṣẹ dmesg -t ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Linux. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò kọ, níbo ni a ó ti rí i?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003. Nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni kò rí iná mànàmáná lò. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àkọsílẹ̀ jọ láti ibùdó oríṣiríṣi, wọ́n rí i pé aago ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bára mu. Ó di iṣẹ́ ńlá kí wọ́n tó mọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí aago àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ máa dọ́gba.

Nítorí náà, àkókò tí ó pé ni mo ń wí. Linux a máa ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìgbà tí a tan ẹ̀rọ, bí àwọn baba ńlá wa ti ń ka ọjọ́ orí láti ìgbà ogun. Èyí dára nínú ilé kan, ṣùgbọ́n kò yé ará ìta. Ìlànà syslog àtijọ́, tí a kọ sílẹ̀ ní 2001, ní oṣù, ọjọ́ àti aago, kò sì ní ọdún. Kò tilẹ̀ sọ ibi tí ó ni aago náà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́sàn-án Èkó, aago mẹ́jọ UTC ni. Ìlànà ti 2009 ni ó fi méjèèjì kún un.

Lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń kó èsì ìdánwò sí. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan bá yí padà lóru, ìlà tí ó sọ pé "olùkọ́ báyìí wọlé" láìsọ ìgbà lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́, kí ó sì bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọdún, ọjọ́ àti aago, kí aago gbogbo ẹ̀rọ sì dọ́gba. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, ìgbà wo?