Ilé Kì Í Gbẹ̀bí: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Wọ́ọ̀dù lórí Ètò Ìlera Alábọ́dé

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ àti alága kánsù, ẹ̀yin mátíróònù tí ẹ ń dá nìkan ṣọ́ ilé ìwòsàn lóru, ẹ̀yin la kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí sí.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, kì í ṣe ilé ló wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ètò: ìwé kan tó sọ iye aláboyún tó wà ládùúgbò, ẹni tí yóò gbẹ̀bí wọn bí ọ̀gànjọ́ bá lù, oògùn tí kò gbọdọ̀ tán nílẹ̀, iye tí gbogbo rẹ̀ yóò ná wa, àti ọjọ́ tí a ó tún jókòó láti mọ̀ bóyá ohun tí a wí la ṣe. Níbi tí ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, iye owó yòówù tí ìjọba bá dà síbẹ̀, inú àgbá òfìfo ló ń dà á sí.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ọ́nárébù á gba owó iṣẹ́ àkànṣe, á kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, á kùn ún lọ́dà, á kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú ògiri. Onílù á lù, wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, oníròyìn á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè lọ́jọ́ náà pé ta ni yóò sùn síbẹ̀ lálẹ́, níbo ni omi yóò ti máa wá, ta ni yóò máa sanwó ẹni tó ń gbálẹ̀. Kí ọdún tó yí po, òṣìṣẹ́ méjì ló kù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tilẹ̀kùn. Ọmọ kì í wo aago kó tó wáyé. Aláboyún tó bá rọbí láàjìn á gba ilé ìyá àgbà lọ, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kó gun ọ̀kadà lọ sí ìlú ńlá. A ó wá máa bú u pé kò fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní Abúja, ìwé ètò kò wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò ìdàgbàsókè ìlera kan fún 2010 sí 2015, wọ́n tún ṣe òmíràn fún 2018 sí 2022. (Ẹ bá wa ṣírò ọdún tó ṣófo láàárín méjèèjì.) Àwọn tó kọ wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ mátíróònù wọ́ọ̀dù yín bóyá ó ti fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Ètò tí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà kò rí, ta ni yóò mú un ṣẹ?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Nígbà tirẹ̀ ni wọ́n gbé ìlera alábọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 ṣe àpẹẹrẹ. Èrò rere ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan dojú rú: kánsù ń gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ń gba tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Ní 2011 wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde pé kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sábẹ́ òrùlé kan: alákòóso kan, ètò kan, àyẹ̀wò kan. Àwọn ìpínlẹ̀ dá ìgbìmọ̀ aláṣẹ sílẹ̀ fún un. A gbà pé ọ̀nà tó dára ni. Àmọ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ ni òrùlé náà wà, kò tíì bo wọ́ọ̀dù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ètò láti ìsàlẹ̀ kò lè ṣeé ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ibí yìí gan-an ni ayé ti wá kọ́ ọ. Ní 1956, oníṣègùn ọmọdé kan láti Ìlú Ọba, David Morley, dé sí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan tí kò jìnnà sí Iléṣà, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kì í ṣe ilé ńlá. Kíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ wo ni wọ́n bí, àwọn wo ló kú, kí ló pa wọ́n? Èéyi, ikọ́ líle, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, àìrí oúnjẹ gidi jẹ. Nígbà tí wọ́n mọ ọ̀tá, wọ́n pín iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà, èyí tó bá le ni wọ́n ń fà lé dókítà lọ́wọ́.

Ohun tó wú wa lórí jù ni káàdì. Gbogbo ìgbà tí ìyá bá gbé ọmọ wá, wọ́n á wọn ọmọ náà, wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí tó ń tẹ̀ wálẹ̀, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kí àìsàn tó fojú hàn. Ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì yẹn nílé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù, pé àwọn tí kò mọ̀wé kò ní mọ iyì rẹ̀. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀. Káàdì náà tàn kárí ayé lẹ́yìn náà, títí di òní ni àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń lo irú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè ní ìṣàkóso ilé ìwòsàn, òun náà nìyẹn: ẹ kà, ẹ pín iṣẹ́, ẹ fi ìwé sọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ sì máa padà wò ó.

Àpẹẹrẹ tuntun kan tún wà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà. Àwọn dókítà ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀báléńdé. Dókítà Ameyo Adadevoh ti ilé ìwòsàn náà kọ̀ láti yọ̀ǹda aláìsàn náà, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kí ẹ kíyè sí. Ìjọba kó àwọn tó ti ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ jọ, wọ́n fi wọ́n ṣe igi lẹ́yìn ọgbà fún iléeṣẹ́ pàjáwìrì kan ní Èkó. Ọ̀gá kan ló wà, àkọsílẹ̀ orúkọ kan ló wà, ìpàdé sì wà lójoojúmọ́. Wọ́n tọpa èèyàn tó lé ní 890 tí wọ́n lè ti fara kan aláìsàn, wọ́n ń lọ yẹ̀ wọ́n wò nílé. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 ló kú. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ilé ìwòsàn wa kò dára sí i láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ tilẹ̀ wà. Ètò ló yàtọ̀.

Ǹjẹ́ a ní láti dúró de ikú kí a tó ṣètò?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà gbìyànjú. Ètò tí wọ́n pè ní Abíyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ ní 2009, yan òṣìṣẹ́ ìlera ti àwọn aláboyún, ó sì fún àwọn aláboyún ní fóònù kí wọ́n lè pè é. Ayé gbọ́, wọ́n yìn ín. Àléébù rẹ̀ ni pé ọrùn gómìnà ló so mọ́. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2017, ẹni tuntun ní ohun tirẹ̀ láti ṣe. Ètò tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ gómìnà kan lọ, ìpolongo ìdìbò ni, bó ti wù kó dára tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Ó di ìṣúná 2018 kí owó náà tó wọ inú ìwé. Wọ́n mú ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún ₦300,750 ló sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ pín in: kò tó ₦3,500 lójúmọ́. Wọ́n ti fi kún un báyìí, owó kékeré náà ṣì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìlànà rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́: kí mátíróònù àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù jọ kọ ètò iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó náwó. Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń da ti àtẹ̀yìnwá kọ, tí wọ́n kàn ń gbé e wá fún alága ìgbìmọ̀ láti fọwọ́ sí, wọ́n ti já ẹ̀tọ́ náà gbà lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan á ní owó kò tó, pé kí la fẹ́ fi ètò ṣe? Òótọ́ ni pé kò tó. Ní 2001, ní Abúja tiwa níbí, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí láti máa fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná wọn sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. A ó máa bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ ohun tó fi ₦300,750 ṣe, ẹnu wo ni yóò fi béèrè mílíọ̀nù?

Àwọn mìíràn ní ará wọ́ọ̀dù kò mọ ìṣirò. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn! Àwọn obìnrin tó ń gba àjọ ọgọ́rùn-ún èèyàn láìṣi kọ́bọ̀, tó ń darí ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀, tó ń yáni lówó tó ń gbà á padà, àwọn ni kò lè ka pálí abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ohun tí a ń béèrè rèé. Kí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kọ ètò rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí aláboyún ń jókòó sí, pẹ̀lú iye owó tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà. Kí ìpínlẹ̀ dáwọ́ ilé tuntun dúró ní wọ́ọ̀dù tí ilé àtijọ́ kò bá tíì ní agbẹ̀bí méjì àti yàrá tí wọ́n lè sùn sí. Ìdí ni pé àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tó kù kò ní dúró sí oko níbi tí ó ti ń dá nìkan wà lóru. Kí wọ́n kọ́ mátíróònù bí a ti ń ṣírò oògùn àti bí a ti ń pín òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́ òru, nítorí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ́ ọ ní ìtọ́jú ju ìṣàkóso lọ, ìṣàkóso náà la sì gbé lé e lórí. Kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fi òfin de ètò yìí, kí gómìnà tuntun má lè fi ẹnu lásán pa á rẹ́.

Bí ìpàdé wọ́ọ̀dù bá tún pé, ẹ dìde, ẹ béèrè ìwé ètò oṣù mẹ́ta yìí. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń fọwọ́ sí owó.