Ẹ Pe Ọmọ Lórí Fóònù, Kó Lè Mọ̀wé

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Botswana ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ so èso. Ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ ti tún pe ilé, tó bá ọmọ ṣe ìṣirò fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ìmọ̀ àwọn ọmọ gbéra sókè.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún Lálúpọn àti gbogbo abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tí ìyá ń gbé lọ sọ́jà tó iṣẹ́ náà. Kò béèrè dátà. Tí olùkọ́ bá sì pè, ọmọ tí àyọkúrò ṣì ń dà láàmú kò yẹ kó gba ìbéèrè kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti ń ṣe ìpín. Ìka ò dọ́gba.

A rọ ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú: ẹ pèsè owó ìpè fún àwọn olùkọ́, kí wọ́n lè máa pe ọmọ tó ń fà sẹ́yìn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò tọ́ kí owó náà ti àpò olùkọ́ jáde. Ẹ̀yin òbí, tí olùkọ́ bá pè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù fún ọmọ.