Ẹ Má Ta Ìkòkò Ìyá Yín!

Èmi ọmọ yín ni mo tún dé. Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin Àlùfáà àti Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi ìwé mi di ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ ná.

Lẹ́tà kan ló fà á. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ló kọ ọ́. Ó ní: "Ọmọ mi oníròyìn, ọlọ́tí ni ìyá tó bí mi. Ṣakí ló ti ń pọn ọtí ọkà bàbà àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Owó ọtí yìí ló fi rán àwa márààrún lọ sílé ìwé. Nísinsìnyí, ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè dáná ọtí mọ́. Nínú àwa ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pọn. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé. Àbúrò mi ní ká tà wọ́n fún àwọn tó ń fi ìkòkò gbin òdòdó, ká fowó rẹ̀ ra oògùn ojú fún ìyá. Ṣé ká tà á ni, àbí ká má tà á?"

Mo ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i pé n kò lè jókòó sí ọ́fíìsì kí n dáhùn rẹ̀. Mo wọ mọ́tò, ó di Ṣakí.

Mo bá ìyá náà ní ìjókòó lábẹ́ igi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n ní ò ń bọ̀ wá kọ ọ̀rọ̀ ọtí? Ṣé o ti mu ún rí?" Mo ní, "Rárá, ìyá. Bíà inú ìgò nìkan ni mo mọ̀." Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà! O ò tíì mọ nǹkan kan."

Ó ní kí n fa òun lọ́wọ́ dé ilé kejì. Obìnrin kan ń gbé ibẹ̀ tó ti ìpínlẹ̀ Benue wá, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko. Ó ti mọ bùrùkùtù í pọn láti ilé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ti kọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ márùn-ún tí ìyá bí kò kọ́ ọ, àlejò ló kọ́ ọ.

Ọkà bàbà tó ń hù wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ewé sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fi ewé bò ó. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ó bu díẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ rin ín, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Ó ku ọjọ́ kan. Tí o bá sá a lónìí, ọtí rẹ ò ní dùn." Obìnrin yẹn ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ojú ìyá kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ríran kedere.

ÈÉHÙ NI IṢẸ́

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bí àwọn méjèèjì ṣe là á yé mi. Wọ́n á ṣa òkúta àti èyí tó ti bu kúrò nínú ọkà bàbà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Wọ́n á wá sẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n á máa wọ́n omi sí i. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, á ti hu èéhù. Wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ, wọ́n á fọwọ́ ra á kí irun ara rẹ̀ já dànù, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kó kan díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún sè é fún wákàtí púpọ̀. Tó bá ti tutù, wọ́n á bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i. Ìyẹn ni ìwúkàrà rẹ̀. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti ń hó fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́. Pìtó nìyẹn. Tó bá jẹ́ bùrùkùtù, wọ́n máa ń po gàrí mọ́ ọn, ó máa ń ki, wọn kì í sẹ́ ẹ tán. Tó bá jẹ́ àgbàdo ni wọ́n mú hù dípò ọkà bàbà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti wa nìyẹn.

Mo bi ìyá pé kí ló dé tí wọ́n fi ń mú un hù, kí ló dé tí wọn ò kàn lọ ọkà gbígbẹ bí ti ògì. Ó ní, "Ọkà tí kò hù kò ládùn nínú." Òótọ́ pọ́ńbélé ni! Àwọn onímọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkà bá ń hù, agbára kan máa ń jáde nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà máa ń jẹ, òun náà ló ń sọ ọ́ di ọtí. Kò sí èéhù, kò sí ṣúgà. Kò sí ṣúgà, kò sí ọtí.

Ibẹ̀ náà ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tí o bá ko iná lé e lórí lójijì, tí omi hó gbùú, agbára èéhù á kú kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ní iná àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rọra mú ni, kí omi gbóná ṣùgbọ́n kó má tíì hó. Ìyá ò ní aago, kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ọwọ́ ló ń tì bọ̀ ọ́. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

MO TỌ́ Ọ WÒ

Wọ́n bu igbá mẹ́ta síwájú mi. Pìtó ni àkọ́kọ́, ó pọ́n bí oyin, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó ń ta ní ahọ́n. Bùrùkùtù ni ìkejì. Èyí le, ó ki bí ẹ̀kọ mímu, ó kan ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń yó èèyàn bí oúnjẹ. Ìkẹta ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Òórùn àgbàdo sísun ló kọ́kọ́ kàn mí nímú, ó wá lọ tìnrín ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìkẹta yìí ni mo ní kí wọ́n tún bù fún mi. Ìyá ní, "Ó tó. Ọ̀nà jìn tó o máa lọ."

Ọtí yìí kì í le tó bíà inú ìgò. Pìtó sábà máa ń ní ìwọ̀n ọtí bíi 3 nínú 100, nígbà tí bíà ìgò ń sún mọ́ 5. Bùrùkùtù lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń pani, ẹ má gbàgbé. Ọlọ́kadà tó mu igbá mẹ́rin tó tún gun ọ̀kadà, ikú ló ń gbé kiri. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mu ún.

KÌ Í ṢE ṢAKÍ NÌKAN

Ẹ má rò pé ìdọ̀tí ará oko ni. Ẹ kọjá ẹnu bodè sí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn obìnrin ń pọn irú rẹ̀, tchoukoutou ni wọ́n ń pè é. Ní Gánà, pìtó náà ni. Ní Burkina Faso, dolo ni, àwọn obìnrin ló ń pọn ọ́n, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ ilé. Títí dé South Africa, wọ́n ní umqombothi tiwọn. Káàkiri ibẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni.

Àwọn òyìnbó ńkọ́? Ní Munich, ìlú kan ní Jámánì, wọ́n ti ń ṣe ọdún ọtí láti 1810. Ìgbéyàwó ọmọ ọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, èèyàn ń wọ bàálù láti òpin ayé wá mu bíà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọlọ́tí ni wọ́n. Ní Abuja náà, ilé ìpọntí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Bature Brewery, wọ́n ń pọn bíà tiwọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tà á lówó gọbọi fún àwọn olówó. Ìyá wa ní Ṣakí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn, àmọ́ kò rí owó gọbọi gbà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Lọ́dún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ọkà bálì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkè òkun ni wọ́n fi ń pọn bíà ìgò nígbà náà. Nígbà tó di 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó bálì wọlé mọ́, kówó ilẹ̀ wa má bàa máa sá lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá ń wá ohun tí wọn máa ṣe. Kí ni wọ́n rí? Ọkà bàbà àti àgbàdo! Ohun tí àwọn ìyá wa ń mú hù lórí ewé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ti gbé òfin náà kúrò nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ìkòkò wọn mọ́. Ìmọ̀ ìyá yín kì í ṣe ìmọ̀ kékeré o.

Ẹ ṢỌ́RA O

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é dáadáa. Àkọ́kọ́: irun àti ọ̀mùnú tó ń yọ lára ọkà bàbà nígbà tó bá hù ní májèlé nínú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń ra á dànù, tó sì ń sè é pẹ́. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ ń fi ẹ̀mí oníbàárà ṣeré. Ìkejì: ọkà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má ní oòrùn á pa á. Ìkẹta: ẹ má fi dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi gbé epo tàbí kẹ́míkà rí pọn ọtí.

Ìkẹrin, ẹ má da ọtí yìí pọ̀ mọ́ ògógóró. Lọ́dún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn èèyàn mu ògógóró tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀. Ojú wọn fọ́, ó sì lé ní èèyàn 15 tó kú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń da ògógóró tàbí paraga sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kó lè tètè pani, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Tí ẹ bá ti gbóòórùn ẹ̀ nínú igbá, ẹ gbé igbá náà sílẹ̀, ẹ dìde.

ÈSÌ MI

Ó yá, ìyá aláṣọ òfì, èsì mi rè é. Ẹ má ta ìkòkò yẹn. Owó ìkòkò mẹ́ta kò ní tó nǹkan, ẹ ò sì ní rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ní ti ojú ìyá, ẹ má kọ́kọ́ ra oògùn lọ́jà. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Irú bàìbàì kan wà tó ń bá àgbà tí kò gba oògùn, iṣẹ́ abẹ ló gbà, ojú á sì là. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kí ẹ tó náwó.

Mo mọ̀ pé ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé Mùsùlùmí ni yín. Mi ò ní kí ẹ pọn ọtí. Ṣùgbọ́n ọtí kọ́ ni ìdí iṣẹ́ náà, èéhù ni. Èéhù ọkà bàbà tí ẹ sá gbẹ dáadáa, tí irun rẹ̀ ti kúrò, ẹ lè tà á fún àwọn tó ń ṣe kùnnú, òun ló ń jẹ́ kí kùnnú dùn kó sì ṣàn. Ṣíbí kan ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú ògì ọmọ tó ki, tí wọ́n bá tún sè é, á ṣàn, ọmọ á lè mu ún láì bu omi púpọ̀ sí i. Maltina pàápàá tí ẹ ń fi ṣe ìkómọ, kí lẹ rò pé "malt" túmọ̀ sí? Èéhù náà ni!

Nítorí náà, ẹ rán ọmọ yín obìnrin kan lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nínú ọlidé tó ń bọ̀. Kó jókòó tì wọ́n. Kó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé pẹ̀lú wọn, kó mọ bí ọjọ́ kẹta ṣe rí lọ́wọ́, kó mọ bí ọjọ́ kẹrin ṣe ń rùn. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ìyẹn sí. Ọwọ́ ìyá nìkan ló wà. Ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn bá sinmi, ó parí nìyẹn, àfi kí ẹ wá lọ bẹ àlejò ilé kejì pé kó kọ́ yín ní iṣẹ́ ìyá yín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ìyá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Sọ fún ọmọ mi pé n kò bínú. Iṣẹ́ òfì ló yàn, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kó wá gbọ́ ti èéhù kí n tó gbàgbé." Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà o.

Ẹ̀yin tó kù, kí ni ìyá yín mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ̀yin ò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná.