ÌKÓRÍTA LỌ́KỌ́JÀ: AFÁRÁ NÌKAN KÒ TÓ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi Àbújá àti àwọn ìlú Òkè Ọya ṣe ibùgbé ni ó mọ Lọ́kọ́jà dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá nígbà tí wọ́n bá ń lọ kí ará ilé ní Èkìtì, ní Oǹdó tàbí ní ilẹ̀ Òkun. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Níbẹ̀ náà ni èrò àti ẹrù tó ti Wàrí, Bìní àti Òkénè wá, àti èyí tó gba Kàbà wá, ti ń dara pọ̀ kí wọ́n tó kọjú sí Àbújá. Nítorí náà, ọ̀ràn ewu ojú pópó ní Lọ́kọ́jà kì í ṣe ti ará ìlú náà nìkan.

Ìlú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba àlejò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àgbègbè Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1900, Lọ́kọ́jà ni Lugard kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1991 ni ẹrù tó wà lọ́rùn ọ̀nà náà ti di ìlọ́po. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni a dá Ìpínlẹ̀ Kògí sílẹ̀, tí Lọ́kọ́jà di olú-ìlú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Ìlú ń gbòòrò, ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ń pọ̀ sí i, ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ní ìkóríta Ganaja, níbi tí ọ̀nà Àjàòkúta ti yà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kògí lábẹ́ Gómìnà Yahaya Bello kọ́ afárá tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lókè. Iṣẹ́ tó yẹ fún ìyìn ni. Ẹni tó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ rí yóò mọ iyì rẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí afárá lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Afárá a máa ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́nà ọkọ̀. Kì í ya ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀, kì í sì í tún bíréèkì ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Felele jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan já mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní àárọ̀, ó kọ lu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sì sọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kéde pé ènìyàn 23 ló kú. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Poli ti ìpínlẹ̀ náà. Ìròyìn fi yéni pé bíréèkì ọkọ̀ náà ló kọ̀.

Bíréèkì kì í ṣàdédé kọ̀. Àárín àwọn òkè ni Lọ́kọ́jà wà. Bí awakọ̀ bá ń gbé ẹrù wúwo sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò lo jíà kékeré, tó kàn ń tẹ bíréèkì léraléra, irin rẹ̀ a gbóná títí tí kò fi ní lè di táyà mú mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbó, tàbí tí ẹrù rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n, kíá ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀nà gbé tẹ́, tí ọkọ̀ náà ti sáré dé góńgó, ni ọjà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibùdókọ̀ sábà máa ń wà.

Ìṣòro yìí kò mọ sí Lọ́kọ́jà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan jó ọkọ̀ tó lé ní 50 ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ènìyàn tó ju 80 lọ ló bá irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ lọ nítòsí ìkóríta Dikko ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ bu epo tó dànù.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa yẹ bíréèkì àti táyà ọkọ̀ ńlá wò kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti dojú dé. Kí ibi ìdúró wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún iṣẹ́ yìí.

Èkejì, kí a la ọ̀nà àsálà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ní àwọn orílẹ̀-èdè olókè, kí ọkọ̀ tó bá já lè rì sínú rẹ̀, kó má baà já sáàárín èrò.

Ẹ̀kẹta, kí afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì kó ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ kúrò létí títì lọ sí ibùdó tiwọn.

Ẹ̀kẹrin, tó sì ṣe pàtàkì jù, kí ọkọ̀ ńlá tí kò ní í já ẹrù ní Lọ́kọ́jà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí kò gba àárín èrò kọjá.

Owó ńlá ni ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn yìí yóò gbà, ṣùgbọ́n èkíní kò nílò ju òṣìṣẹ́ àti ìpinnu lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni òpópónà Àbújá, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó ìlú tó yí i ká. Bí èkíní bá ń wo ojú èkejì, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni làpálàpá. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì láàárín èrò ni ètè. Ọwọ́ tó kọ́ afárá Ganaja ti fi hàn pé iṣẹ́ ṣeé ṣe. Ó kù kí a gbé ọwọ́ kan náà dé Felele.