Ẹ Má Fi Òórùn Dídùn Bo Ìdọ̀tí Gíní-Pìgì

Ní sáà tó kọjá, mo mú fọ́tò Ẹ̀wà àti Dòdò wá sí ilé-ìwé Yorùbá wa, ẹni mẹ́ta sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn náà fẹ́ ra gíní-pìgì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó rà.

Ẹ̀wà dúdú, Dòdò sì pupa bíi dòdò tó jinná dáadáa. Màmá àgbà mi ní Ìbàdàn ń pè wọ́n ní ẹmọ́ òyìnbó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí wọn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ẹmọ́ lẹ wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yẹn? Ẹmọ́ tó yẹ kó wà nínú ọbẹ̀!" Màmá àgbà ò kúkú jìnnà sí òótọ́. Gíní-pìgì kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Gíní wá. Apá òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì ti ń sìn wọ́n fún jíjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Àjà kẹta ni fúláàtì wa wà, nítòsí Rye Lane. A ò ní ọgbà. Inú pálọ̀ ni kéèjì wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà tí wọ́n bá ń rùn, gbogbo ilé ló ń rùn, àlejò náà á sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí Dádì mú mi lọ rà wọ́n, èmi fúnra mi ni mo yan ohun tí a máa tẹ́. Mo mú àpò tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹbu pákó ni, ó kúná bíi gàrí Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ti fi lọ́fínńdà sí i. Tó bá ti ń rùn, ṣe ni mo máa ń bu tuntun lé orí èyí tó ti tutù. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ wa á ní, "Ilé yín mà ń ta sánsán o!" Mo rò pé mo gbọ́n.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Dòdò bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe ẹ̀rín, torí pé ó ń sín bí ọmọ tuntun. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kò sì ké mọ́ tí mo bá ṣí fíríìjì. Ẹni tó bá ní gíní-pìgì mọ̀ pé ìyẹn ò dáa rárá! Mo gbé e sókè, mo rí i pé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n.

Dókítà ẹranko ní ẹbu pákó yẹn ń fò wọ imú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n tún ní ìtọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń mú amóníà jáde, òórùn kan náà tó máa ń ta èèyàn lójú nínú ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Àwa tí a dúró lókè ò gbọ́ ọ nítorí lọ́fínńdà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni Dòdò ń sùn, imú rẹ̀ ò sì ju ìka méjì sí ilẹ̀. Ọ̀rinrin yẹn náà ló ń jẹ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún wa ní oògùn tí mo ń fi síríǹjì fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó tí Mọ́mì san lọ́jọ́ yẹn ju owó àpò ìrẹsì ńlá kan lọ. Wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́ pé, "Tí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, a máa wá ilé míì fún wọn."

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a má ra ohunkóhun tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí fún ẹranko. Àwa ni wọ́n ń ta á fún, kì í ṣe ẹranko. Tí òórùn bá ti wà, ó ń sọ fún wa pé ó yẹ ká kó ìtẹ́ yẹn jáde. Ẹni tó bá fi lọ́fínńdà bò ó ti pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún un mọ́.

Kí ni ká wá tẹ́? Ìjà wà lórí èyí nílé wa. Màmá àgbà sin adìẹ nígbà kan, ìfá pákó tí wọ́n ń kó nílé iṣẹ́ pákó ni wọ́n ń tẹ́ fún wọn, wọ́n sì gbà pé kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìfá pákó tó fẹ̀ díẹ̀, tó gbẹ, tí wọ́n ti gbọn eruku ara rẹ̀ kúrò, dáa. Kó ṣáà má jẹ́ ti igi kédárì, torí òróró inú igi yẹn kò dára fún wọn. Pòròpórò àlìkámà le, ó lè gún wọn lójú. Ìwé ìròyìn yára rẹ, abẹ́ nǹkan míì ló yẹ kó wà.

Èmi fara mọ́ aṣọ fleece, irú èyí tí wọ́n fi ń rán jákẹ́ẹ̀tì òtútù. Rye Lane ni a ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí Mọ́mì ti máa ń ra léèsì. Táwẹ̀lì àtijọ́ la máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ á gba inú fleece kọjá sínú táwẹ̀lì, òkè á sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ fleece tuntun lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ á dúró sórí rẹ̀ bí òjò lórí agbòjò. Ẹ má sì fi ọṣẹ tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i, kò ní jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ mọ́.

Mọ́mì ní, "Ṣé ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ kó ìtọ̀ ẹmọ́ sí?" Wọn ò jẹ̀bi, irun àti koríko lè ba ẹ̀rọ jẹ́ lóòótọ́. Nísinsìnyí, mo máa ń gbọn fleece dáadáa ní bákónì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì họ irun ara rẹ̀, mo kó o sínú àpò tó ní síìpù, mo fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà mo tan ẹ̀rọ náà lófìfo lẹ́ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbá imí wọn kúrò. (Mo kà á lọ́jọ́ kan títí dé 87, ó sú mi.) Ní àárọ̀ Sátidé ni mo ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ mi, ẹ máà bínú, ìdí tí mo fi pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Ohunkóhun tí ẹ bá tẹ́, koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń jẹ jù, wọ́n sì tún ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Màmá àgbà ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń dán ìtẹ́ wò: "Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbé imú rẹ síbi tí imú tiwọn wà, kí o mí." Mo ń ṣe é lálaalẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo rò pé ó mọ́, tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo sì yára dìde.

Ẹ̀yin òbí, ó kàn yín náà. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 sọ pé ẹni tó ni ẹranko gbọ́dọ̀ fún un ní ibi tó yẹ ẹ́ láti gbé. Tí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá tíì pé ọdún 16, òbí ni òfin mọ̀. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá ní òun ti pààrọ̀ ìtẹ́, ẹ má kàn sọ pé "ó dáa". Ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá sì mọ̀ pé kò sí àyè tàbí àkókò nílé yín, ẹ sọ pé rárá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ara Dòdò ti yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù oṣù kẹjọ ń bà mí, torí pé nínú ooru, eṣinṣin máa ń yé ẹyin sí ara gíní-pìgì tí ìdí rẹ̀ bá dọ̀tí, ìdin á sì máa jẹ ẹ́ láàyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la máa lò ní Ìbàdàn nínú oṣù yẹn. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta tó fẹ́ ra tiyín, ta ló máa bá mi gbà wọ́n? Mo máa kó fleece mẹ́rin, táwẹ̀lì mẹ́fà àti koríko wá. Kí onítọ̀hún ṣáà kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì rẹ̀ nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ.