Èéfín Sìgá Nínú Ìpàdé Wa

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n èéfín sìgá kò mọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí a máa bá amusìgá jìyà. Pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kò ṣàjèjì mọ́. Pé ó lè lọ́wọ́ nínú àrùn àtọ̀gbẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́.

Ìwádìí ọlọ́dún 15 kan ní Amẹ́ríkà, tí a gbé jáde ní 2006, fi hàn pé nínú 100 ẹni tí kò mu sìgá rí, tí kò sì sí nítòsí èéfín rẹ̀, nǹkan bí 12 ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú àwọn tí ń fa èéfín ẹlòmíràn símú, wọ́n tó 17. Ìkìlọ̀ ni èyí fún ọlọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò àti Kàdúná, inú yàrá kan ṣoṣo ni a sábà ń há mọ́ ṣe ìpàdé ọmọ ìlú. Bí àgbà bá tanná sí sìgá níbẹ̀, ta ni ọmọdé tí yóò ní kí ó pa á? A ó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin alága ni kí ẹ fi òfin lélẹ̀: ẹni tí yóò mu sìgá, kí ó bọ́ sí gbangba. Òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti 2015 ṣáà ti ka sìgá léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Ọ̀wọ̀ àgbà kò gbọdọ̀ di àìsàn fún ọmọdé.